Ojú Ìwé Kọkànlá

Aago mẹ́rin ọjọ́rú ni tiwọn.
Yàrá kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀,
àga oníke mẹ́ta, ọkọ̀ ojú irin onígi tí táyà kan ti yọ,
fèrèsé tó kọjú sí odò Tay,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkùukùu la máa ń rí ju odò lọ ní Dundee.
Èmi ni mo jókòó sí igun pẹ̀lú gègé.
Iṣẹ́ mi ni kí n máa wò, kí n má dá sí i.

Morven Geddes máa ń dé ṣáájú aago.
Lọ́jọ́ kan ó mú súwẹ́tà wá, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún,
aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì rẹ̀ rí bí ẹja.
Ọmọ na apá sínú rẹ̀, ọrùn ọwọ́ yọ síta gbọọrọ.
Ọmọ ọdún mẹ́rin ló wà lọ́kàn rẹ̀ tó ń hun aṣọ;
Struan ku oṣù kan kó pé mẹ́fà.
Ọmọ kì í dúró de ìwé kóòtù kó tó ga.
"Ó ṣe rẹ́gí," ni Struan wí. "Ó ṣe rẹ́gí lára mi."
Kò sì bọ́ ọ títí àkókò fi pé,
kò lè mí délẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kọ gbólóhùn kan:
"Ó jọ pé òórùn ọtí wà lára ìyá."
Ó jọ pé. Aṣọ tí mo fi bora nìyẹn, nítorí òtútù.
Gbólóhùn náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá,
ó sùn mọ́jú ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò,
nígbà tó fi dé iwájú ìgbìmọ̀, "ó jọ pé" ti já sọ́nà.
Oṣù mẹ́rìnlá.
Obìnrin náà ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn láti ìdájí,
oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ ló ń rùn lára rẹ̀.
Ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Mo kọ ọ́ pé, "Ìyá ń ṣe àwíjàre."

Mo ti kọ lẹ́tà àtúnṣe. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fáìlì.
Ojú ìwé kọkànlá ṣì wà níbi tó wà.
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ yóò fọ́.
Èyí tí a bá tẹ̀ sórí ìwé kì í fọ́,
ńṣe ló ń pa ọmọ.

Isobel Petrie tó gbà á tọ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni.
Òun ló mọ̀ pé onígun mẹ́ta ni kí wọ́n gé búrẹ́dì rẹ̀.
Lálẹ́ tí ọmọ yóò lọ, ó fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó lọ̀ wọ́n,
ó wá fi ìrọ̀rí sílẹ̀ láìfọ̀.

Oṣù kẹta, òjò winniwinni, òkè kẹta, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè.
Struan dúró ní kíṣìnì ìyá rẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀, kóòtù lọ́rùn.
"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè ṣí fìríìjì?"
Ó tọrọ àyè bí àlejò.
Morven ní, "Tìẹ ni." Ó rọra wọ balùwẹ̀,
ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi náà ń dà ṣáá,
ó pẹ́ kó tó tì í.
Ọmọ wò mí. "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú mi?"
Mo ní ọjọ́ẹtì ni màá wá, láti wá kí wọn ni.
Ó wo gègé ọwọ́ mi.

Mo kọ ọ́ pé: "Ọmọ béèrè wàrà. Ìyá fún un."
Mi ò kọ ti omi náà.
Bóyá ó yẹ kí n kọ ọ́, mi ò mọ̀.
Nígbà tí mo jáde, kò tíì bọ́ kóòtù.